Ọyẹ́ Olójú Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Oko Kékeré ní Àkúrẹ́ Láti Òru Dé Ìrọ̀lẹ́

Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣe oko lọ́nà Ìjù. Ọ̀kan á ní, "Òròmọdìẹ mi kú lóru, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n." Òmíràn á ní, "Ẹ̀fọ́ mi gbẹ, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin ín." Ẹlòmíràn á sì wá pẹ̀lú ojú pípọ́n pé òjò ká kòkó òun mọ́ ìta. Ohun kan náà ló ń fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: a ń ṣe bí ẹni pé ojú ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, ẹ lè rí òtútù tó ń mú eyín gbọ̀n ní ìdájí, oòrùn tó ń tani bí abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ eléruku nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ tó mọ̀, òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí á tún já lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Aago ni mo fi to ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹni tó ní òròmọdìẹ bíi 50, ebè ẹ̀fọ́ mélòó kan létí àkùrọ̀, àti kòkó tí kò pọ̀ púpọ̀ tó ń sá lójúde ni mo ní lọ́kàn.

Ohun tí ẹ ó ti wá sílẹ̀

Ẹ má dúró dìgbà tí òtútù bá mú kí ẹ tó lọ sí Ọjà Ọba. Ọjọ́ tí gbogbo èèyàn bá ń wá eédú kì í ṣe ọjọ́ tó dáa láti ra eédú.

- Tapólì méjì tí kò lu, ọ̀kan fún kòkó, ọ̀kan fún ilé adìẹ.
- Àpò oúnjẹ adìẹ tó ti ṣófo bíi mẹ́wàá, tí ẹ ó rán pọ̀ di aṣọ ìkélé.
- Àdògán eédú méjì, búlọ́ọ̀kù tí ẹ ó gbé wọn lé, àti àwọ̀n wáyà tí ẹ ó fi yí wọn ká.
- Èérún pákó gbígbẹ láti sọ́míìlì, àti páálí ńlá tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé tẹ̀.
- Tẹmomíta kan. Èyí tó kéré jù náà tó.
- Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta, àti garawa tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí fún ìbomirin.
- Koríko gbígbẹ tí kò tíì so. Èyí tó bá ti so á gbin èpò sí oko yín.
- Ẹní tàbí pẹpẹ fún kòkó, àti igi tí ẹ ó fi máa rò ó.
- Òrí fún ẹsẹ̀ àti ètè, aṣọ tí ẹ ó fi bo imú. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá là kò ní lè dìde ní aago mẹ́ta òru, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́ta òru ṣe pàtàkì.

1. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ sí 6 àárọ̀: ẹ gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ òru

Òru ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òru ni oko kékeré ti ń pàdánù jù nígbà ọyẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ ibi tí òròmọdìẹ ń sùn gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 32 sí 35 (ti Celsius, °C) lórí tẹmomíta. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ lè dín 3 kúrò, lọ́sẹ̀ kẹta ẹ tún dín 3, bẹ́ẹ̀ títí wọn ó fi hu ìyẹ́ dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ìta lè sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ 20 lóru. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ ní láti dí.

Ẹ kọ́kọ́ fi páálí tàbí pákó tẹ ọgbà róbótó fún wọn, kò gbọdọ̀ ní igun. Fún 50, kí ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ méjì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọdún tí mo kọ́kọ́ sin adìẹ, inú àpótí onígun mẹ́rin ni mo kó wọn sí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo wọlé tí mo rí wọn bí òkìtì nígun kan. Mo ń ká wọn kúrò lórí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lókè ń ké. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣì gbóná lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọrùn wọn ti rọ̀ jọ̀wọ̀. Mẹ́rìndínlógún ni mo kà. Wọ́n ń wá ooru lára ara wọn, wọ́n sì tẹ ara wọn pa níbi tí igun kò ti jẹ́ kí wọ́n ríbi yà sí.

Lẹ́yìn náà, èérún pákó. Kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta tí a tò léra. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lásán máa ń fa ooru kúrò lẹ́sẹ̀ wọn ní gbogbo òru.

Aṣọ ìkélé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọn á dí ilé pa pátápátá láti òkè dé ilẹ̀, wọn á sì gbé eédú síná nínú rẹ̀. Èéfín eédú tí a kò rí, tí kò sì ní òórùn, á kún inú ilé, á pa adìẹ, ó sì lè pa èèyàn tó bá sùn tì wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dí, láti ilẹ̀ dé ibi àyà èèyàn, kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ lu àwọn òròmọdìẹ. Lókè, lábẹ́ páànù, ẹ fi àyè bí ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ yíká. Ooru díẹ̀ á jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jáde. Ẹ má sì ṣe sùn sínú ilé adìẹ tí eédú wà, bó ti wù kí òtútù mú tó.

Ìta ni kí ẹ ti dáná sí eédú títí yóò fi pọ́n, tí èéfín rẹ̀ á fi tán, kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, ẹ fi àwọ̀n wáyà yí i ká, kí ó sì jìnnà sí èérún pákó. Ẹ gbé èkejì sílẹ̀ níta kí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ tí ti àkọ́kọ́ bá ń lọ sílẹ̀. Eédú tí a dá ní aago mẹ́jọ alẹ́ kì í dé ìdájí. Láti aago mẹ́ta òru títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni òtútù máa ń mú jù, àsìkò yẹn gan-an ni eédú sì máa ń di eérú. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ jí ní aago mẹ́ta nìyẹn. Ẹ wọlé, ẹ pààrọ̀ eédú, ẹ padà lọ sùn.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó dáa:* Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́, ẹ wò wọ́n. Tí wọ́n bá kóra jọ gádágbá lábẹ́ eédú tí wọ́n ń ké kíkan, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lanu, ooru ti pọ̀. Tí wọ́n bá tú ká bí àgbàdo tí a fọ́n sílẹ̀, tí ẹ kàn ń gbọ́ ìró kékeré, ẹ ti ṣe é. Ẹ tún mú ọ̀kan, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ẹsẹ̀ tó tutù ń sọ òótọ́ ju tẹmomíta lọ. Tí wọ́n bá sì ti lo ọjọ́ kan lọ́dọ̀ yín, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn wọn: kí ó kún, kí ó rọ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá ṣófo kò rí ooru tó láti dìde lọ jẹun.

2. Aago 6 sí 9 àárọ̀: tata, omi ẹ̀fọ́, omi adìẹ

Tata ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òtútù ìdájí máa ń dá wọn dúró gbagidi lórí ewé, wọn kì í lè fò títí oòrùn á fi yá wọn lára. Ẹ gbé ike tó ní omi ọṣẹ dání, ẹ máa gbọn wọ́n sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Tó bá di aago mẹ́wàá, ẹ ò ní lè mú ìdá mẹ́rin wọn.

Láàárín aago 6 ààbọ̀ sí 8 ni kí ẹ bomi rin ẹ̀fọ́. Ìṣirò tí mo ń lò ni pé ebè tó gùn ní mítà 5, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, ń fẹ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lójúmọ́. Ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Ibi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ iyanrìn, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ní àkùrọ̀ tó ṣì lómi nísàlẹ̀, ẹ lè dín in kù.

Ọ̀pọ̀ ń wọ́n omi sójú ilẹ̀ títí tí á fi dúdú, wọn á kọjá sí ebè kejì. Omi yẹn kò dé ibì kankan. Gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ á máa gòkè wá a bọ̀, oòrùn ọ̀sán á sì sun ún níbẹ̀. Ẹ dúró lórí ebè kan, ẹ rin ín, ẹ jẹ́ kó mu, ẹ tún rin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó sàn kí ẹ fún ebè mẹ́ta lómi tó tó ju kí ẹ tan ebè mẹ́wàá jẹ.

Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fi bo àárín ewébẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bomi rin ín. Ẹni tó bo ilẹ̀ gbígbẹ ti bo ọ̀gbẹlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ó kan igi ewébẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ikán.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀:* Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì, ẹ bu erùpẹ̀ ibẹ̀, ẹ fún un. Tó bá dì mọ́ra, omi ti dé ibi tó yẹ. Tó bá ń ya dànù, ẹ tún padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀sán tàn yín o: tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ lè sorí kọ́ ní aago méjì kí ó sì dìde fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èyí tó bá sorí kọ́ ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni òùngbẹ ń gbẹ ní tòótọ́.

Adìẹ wá kàn. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ àjẹsára Lasota inú omi, tí dókítà ẹran ti dá fún yín, òwúrọ̀ yìí náà ni. Àsìkò ọyẹ́ ni àrùn Newcastle, àrùn apadìẹ tí Lasota ń dènà, máa ń jà jù, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ yẹn falẹ̀. Ẹ gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní klorín, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, nítorí klorín ń pa àjẹsára. Ẹ po mílíìkì ìyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ mọ́ ọn, bíi gíráàmù 2 sí lítà kan. Omi náà ní láti tán láàárín wákàtí méjì, oòrùn kò sì gbọdọ̀ kàn án.

Mo ti ra àjẹsára rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó yọ ọ́ nínú àpótí tábìlì fún mi. Kò sí yìnyín lára rẹ̀. Mo rí i, mo sì dákẹ́, nítorí mo ń kánjú. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, adìẹ mi ń yí ọrùn, wọ́n ń yàgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, mo sì sin èyí tó ju ìdajì lọ. Àjẹsára tí ẹ kò bá bá nínú yìnyín, ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbé fúláàsì tiyín lọ.

Ní aago mẹ́sàn-án, tí oòrùn bá ti ràn, ẹ ká aṣọ ìkélé sókè. Ẹni tó bá gbàgbé iṣẹ́ kékeré yìí ni adìẹ rẹ̀ ń kú lọ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti la òru já.

3. Aago 9 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́: kòkó tó ń gbẹ lábẹ́ ọyẹ́

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. A rò pé ọyẹ́ ń ràn wá lọ́wọ́ láti gbẹ kòkó. Ó ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè bà á jẹ́ ju òjò lọ, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti bíbò. Kòkó tí ẹ fọ́, tí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 5 sí 6, kí ẹ sì yí i padà ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin. Nígbà òtútù, òkìtì kékeré kì í gbóná dáadáa, nítorí òru ń jí ooru rẹ̀. Tí kòkó yín kò bá pọ̀, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ti ọmọ ìyá tàbí aládùúgbò tó fọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ sì fi ewé bò ó ní ìlọ́po méjì, kí ẹ tún fi àpò kòkó lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Kí ó gbóná débi tí ẹ ó fi fẹ́ yára yọ ọwọ́. Tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, kò tíì kan, ẹ fi ewé kún un.

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ìsákòkó: ẹ má tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó ìka mẹ́ta, bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ máa rò ó ní wákàtí kan sí wákàtí kan, kí ẹ sì máa ya èyí tó lẹ̀ mọ́ra. Láti aago méjìlá sí mẹ́ta, ẹ fà á sábẹ́ ìbòji tàbí kí ẹ kó o jọ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti fi oòrùn ṣòfò. Ṣùgbọ́n tí oòrùn gbígbóná àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá jọ gbé kòkó tútù lójijì, èèpo rẹ̀ á le kankan nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Omi kíkan tó yẹ kó jáde á há sínú. Ẹ ó rò pé ó ti gbẹ ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ó dì í sápò, á sì bu nínú àpò, inú rẹ̀ á sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Láti ọjọ́ kẹta lọ, ẹ lè tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ kí oòrùn máa pa á láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ ti ń rò ó, ẹ máa ṣa èyí tó pẹlẹbẹ, èyí tó ti hù, èyí tó fọ́, àti ìfun kòkó tó bá kù nínú rẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ 7 sí 10.

Orí pẹpẹ tàbí ẹní ló yẹ kó wà. Mo rí i lójú ọ̀nà Ìta-Ògbólú tí wọ́n ń sá a sórí ọ̀dà, ó ń dùn mí. Ọkọ̀ ń fín èéfín sí i, ewúrẹ́ ń tọ̀ sí i, eruku ọyẹ́ sì ń wọ inú èyí tó bá ṣì tutù. Kòkó máa ń gba òórùn gbogbo ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má fi iná igi gbẹ ẹ, bí ojú ọjọ́ bá ti wù kó ṣú tó. Òórùn èéfín kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bíbò ìrọ̀lẹ́ náà ní ọgbọ́n. Ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, tí omi ṣì pọ̀ lára rẹ̀, tapólì nìkan á mú kí ó làágùn. Ẹ ó ṣí i láàárọ̀, ẹ ó rí omi lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò ìrẹsì. Ẹ kó o sábẹ́ òrùlé ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹní bò ó kí ẹ tó ta tapólì sókè rẹ̀, kí àyè wà láàárín. Láti ọjọ́ kẹrin, tapólì lásán ti tó.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ:* Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ra létí yín. Èyí tó ti gbẹ á ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi èékánná gbé èèpo rẹ̀. Á ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ dá a sí méjì: inú rẹ̀ á ti pọ́n bí igi, á ní pàlàpálá láàárín, á sì dá pàá. Tí ó bá ń tẹ̀ bí ọṣẹ, tàbí tí ó ṣì dì mọ́ra láwọ̀ àlùkò, ẹ padà sóòrùn. Ohun tí àwọn tó ń ra kòkó ń wá lórí ẹ̀rọ wọn ni kí omi tó kù nínú rẹ̀ má ju 7 sí 7.5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti ju 8 lọ, yóò bu.

Láti ọjọ́ kẹfà ni kí ẹ ti máa dán an wò lójoojúmọ́, nítorí ọyẹ́ lè gbé e kọjá ààlà. Tí ó bá lọ sábẹ́ 6, èèpo á máa fọ́ nínú àpò, ìwọ̀n á sì dín kù níwájú yín. Ẹ má sì bẹ̀rù tí ẹ bá rí i pé kìlógíráàmù 100 tútù kò ju nǹkan bíi 40 lọ tó bá gbẹ tán. Bó ṣe ń rí nìyẹn, kò sí ẹni tó jí i.

Àpò kòkó gidi ni kí ẹ dì í sí, èyí tó ń mí, kì í ṣe àpò ajílẹ̀. Ẹ gbé e lé pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má fara ti ògiri.

4. Ọ̀sán: ìbòji, àti ìsinmi yín

Kò gùn. Ẹ fún adìẹ lómi tútù míràn, ẹ má jẹ́ kí ti àárọ̀ gbóná síwájú wọn. Àwọn ọmọ kòkó tí ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ bẹ̀ wò, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa wọ́n jù. Ẹ ri imọ̀ ọ̀pẹ mọ́lẹ̀ ní ìhà tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá, ẹ fi èèpo kòkó àti koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, kí ó jìnnà ní ìbú ọwọ́ kan sí igi. Ike omi tí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu nídìí, tí ẹ ri sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa ro omi sí gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ń sin ìgbín á rí i pé wọ́n ti fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun wọn. Wọn ò kú. Ẹ wọ́n omi sí ilé wọn nírọ̀lẹ́, wọn á ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin náà, ẹ kúrò lóòrùn láàárín aago kan sí mẹ́ta. Ẹ mumi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ yín, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń gbé òógùn kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀:* ewé tuntun tó wà lórí ọmọ kòkó kò jó létí, kò sì ká kò.

5. Ìrọ̀lẹ́: iná

Ẹ bomi ìdajì kejì rin ẹ̀fọ́ láàárín aago 5 sí 6 ààbọ̀, ẹ sọ aṣọ ìkélé sílẹ̀, ẹ bo kòkó. Lẹ́yìn náà ẹ rìn yí oko ká.

Kí oṣù kejìlá tó parí ni kí ẹ ti ro ààlà oko yín mọ́lẹ̀ kedere, kí ó fẹ̀ tó mítà 3 sí 5, kí ẹ gbá ewé ibẹ̀ kúrò. Ríro nìkan kò tó. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kan ṣoṣo tó bá na ara rẹ̀ kọjá ààlà ni iná ń gùn wọlé. Ẹ lọ bá àwọn ọdẹ tó ń dẹ ìgbẹ́ tó sún mọ́ yín àti àwọn adẹ́mu, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ dáná, ẹ pè wá kí a jọ dúró tì í." Èmi fúnra mi máa ń gbé ìyọ̀ àti ọṣẹ lọ kí wọn lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Eérú tí ẹ kó nídìí àdògán ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ máa da omi sí i, kí ẹ tó dà á sínú ihò. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ lè tún ẹyin iná tó dà bí ẹni pé ó ti kú fẹ́ di ààyè.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀:* ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú náà láìfọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá ṣì gbọ́ ooru, ẹ tún da omi sí i.

6. Ọjọ́ tí òjò bá já lu ọyẹ́

Òjò yìí kì í wá láìsọ tẹ́lẹ̀, àwa ni a kì í gbọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, tí ẹ bá ń lọ sọ́nà Ìdànrè, àwọn àpáta á pòórá sínú eruku. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tí ẹ rí òkè kedere, tí ètè yín kò là mọ́, tí ara yín ń lẹ̀ kí oòrùn tó ga, tí ìrì sì tutù lórí koríko, afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ìhà òkun ló ti ń wá báyìí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jìnnà sí kòkó yín lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, ẹ má sì ní ọjà Àkúrẹ́ lẹ ó lọ kí ẹ fi ọmọ kékeré kan sílẹ̀ ṣọ́ ọ.

Tí ìkùukùu bá dìde, kòkó ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, aṣọ ìkélé adìẹ ni ìkejì. Adìẹ tó bá tutù nínú òjò ọyẹ́, tí òtútù òru tún bá a, kì í sábà rí ilẹ̀ mọ́.

Tí òjò bá ti pa kòkó kí ẹ tó dé, ẹ má kó o jọ sápò nítorí ìbẹ̀rù. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ sì tún dìde lẹ́ẹ̀kan lóru rò ó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e jáde. Òjò kan kò bà á jẹ́. Òkìtì òru kan ló ń bà á jẹ́.

Ẹ yọ èérún pákó tó bá tutù nílé adìẹ kúrò lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ pé oòrùn ọ̀la á gbé e. Ebè ẹ̀fọ́ lè sinmi omi láàárọ̀ kejì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ìka dán an wò bí mo ti wí lókè.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù, òun ló ń ná wa lówó jù. Tí òjò oṣù kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì bá rọ̀, gbogbo abúlé á máa wá irúgbìn àgbàdo. Ilẹ̀ á máa rùn dídùn, ọwọ́ á máa yún èèyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì òjò náà, ẹ mú ọkọ́, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìdajì ẹsẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí omi dúró sí, ìlà dúdú kan tí kò jìnnà, erùpẹ̀ gbígbẹ sì ni gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbàdo á hù lórí omi díẹ̀ yẹn, ọyẹ́ á padà, á sì jó o. Ẹ da irúgbìn yín padà sínú ike tó ní ìdérí, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì máa gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Tó bá di nǹkan bí àárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tí ìlà dúdú náà bá ti kọjá ibi tí ọkọ́ yín dé, ẹ gbìn ín.